Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Nìkan Rìnrìn Àjò Ní Mòrókò

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá: "Ṣé èmi nìkan lè lọ sí Mòrókò, kí n sì bọ̀ láyọ̀?" Ẹ lè lọ. Ọkùnrin ń dá lọ, obìnrin náà ń dá lọ. Àmọ́ òyìnbó ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tó wà nílẹ̀ fún. Ìwọ̀nba ni èyí tó máa sọ fún yín pé nínú bọ́ọ̀sì kan náà, ẹ̀yin nìkan ni ọlọ́pàá lè ní kí ẹ mú ìwé jáde, tàbí pé ẹ má wulẹ̀ gbé náírà lọ torí kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ìpinnu tí ẹni tó dá rìn kò bá tíì ṣe, ẹlòmíràn á bá a ṣe é. Tí ẹ ò bá mọ ọ̀nà, ẹnì kan á mú yín gba ọ̀nà tiẹ̀. Tí ẹ ò bá mọ iye tí takisí ń gbà, awakọ̀ á dá iye tó wù ú. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ lè ti pinnu kí ẹ tó jáde nílé ni.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

1. Ẹ wo ìwé ìrìnnà tí ẹ fẹ́ lò. Ẹni tó ní ti Britain, ti Amẹ́ríkà tàbí ti Brazil lè wọlé láìsí físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà.
2. Ẹ̀yin tí ẹ ní ti Nàìjíríà, tí físà tàbí ìwé ìgbélùú Britain, Amẹ́ríkà tàbí Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà) bá wà lọ́wọ́ yín tí kò tíì kú, ẹ lè gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìkànnì ìjọba Mòrókò tó ń jẹ́ Accès Maroc (acces-maroc.ma). Ọjọ́ 30 ni wọ́n máa jẹ́ kí ẹ lò níbẹ̀. Tí ẹ ò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Mòrókò ní Àbújá.
3. Ẹ yẹra fún àwọn ìkànnì tó fara jọ ti ìjọba. Àwọn kan máa bá yín gba físà náà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á fi owó tiwọn lé e. Àwọn mìíràn á kàn gbowó, wọ́n á sì dákẹ́.
4. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Royal Air Maroc ń gbéra láti Èkó, Kútọnu àti Lomé lọ sí Casablanca. Ẹ wo wákàtí tí ọkọ̀ máa balẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ ojúmọmọ tó bá ṣeé ṣe.
5. Ẹ sanwó ibùsùn fún alẹ́ méjì àkọ́kọ́ ó kéré tán, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sórí ìwé. Wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní ibodè. Ẹni tó sì dé ìlú àjèjì láìmọ ibi tó máa sùn ni àwọn elétàn máa ń tètè dá mọ̀.

Ẹrù

- Fótókọ́pì ìwé ìrìnnà àti físà ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nínú báàgì ọwọ́, ọ̀kan nínú ẹrù ńlá. Ẹ ya àwòrán wọn sórí fóònù pẹ̀lú.
- Yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú. Nígbà tí ẹ bá ń padà wọ Nàìjíríà ni ẹ máa nílò rẹ̀ jù.
- Adapter. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Mòrókò jẹ́ oníhò róbótó méjì, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa kò lè wọ̀ ọ́.
- Ẹ̀wù òtútù gidi tí ẹ bá ń lọ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Yìnyín máa ń bọ́ ní Ifrane, Fez máa ń tutù wọnú eegun, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì ni kò sì ní ohun tó ń mú yàrá gbóná dáadáa. Ọyẹ́ wa kò tó ìfiwé rẹ̀.
- Ìborùn kan, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó wúlò fún oòrùn, fún iyanrìn àti fún mọ́ṣáláṣí.
- Ata gígún díẹ̀. Èròjà pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, àmọ́ kò ta.

Ẹ má gbé drone lọ rárá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀.

Owó

Dírámù ni owó wọn, ìjọba kò sì fẹ́ kó jáde kúrò nílùú. Dírámù 2,000 ni òfin gbà kéèyàn mú jáde tàbí mú wọlé, nítorí náà ẹ má wá a ká ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gbé yúrò, dọ́là tàbí pọ́n-ùn lọ, owó tí kò ya, tí wọn kò kọ nǹkan sí lára. Yúrò 1 sábà máa ń wà láàárín dírámù 10 sí 11, ìyẹn máa jẹ́ kó rọrùn láti ṣírò nínú orí.

Tó bá jẹ́ káàdì báǹkì Nàìjíríà lẹ gbọ́kàn lé, ẹ pe báǹkì yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè àti iye tó lè yọ lóṣù. Kódà bí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi òun nìkan lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn máa gbé dírámù 200 kiri. Takisí kò ní ní ṣéńjì, oníbúrẹ́dì kò ní ní, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó ńlá ra nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì tàbí ibùdókọ̀ ojú irin kó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ pín owó sí ọ̀nà méjì, ti ọjọ́ kan nínú àpò, ìyókù níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá ṣẹ́, òun ni wọ́n máa béèrè tí ẹ bá fẹ́ yí dírámù tó ṣẹ́kù padà lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀ sí Casablanca

1. Kí ẹ tó kúrò níwájú aṣọ́bodè, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà yín, pé ó sì hàn ketekete. Òtẹ́ẹ̀lì máa kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, òun náà sì ni ẹ̀rí yín nígbàkigbà tí wọ́n bá dá yín dúró.
2. Ẹ ṣẹ́ owó tó máa tó ọjọ́ kan péré. Ẹ máa rí iye tó dára jù nínú ìlú.
3. Ẹ ra síìmù Maroc Telecom, Orange tàbí Inwi. Wọ́n máa fi ìwé ìrìnnà forúkọ yín sílẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí dátà fi ṣiṣẹ́ lójú yín.
4. Ẹ tẹ̀ lé àmì ọkọ̀ ojú irin nínú pápákọ̀ náà. Ó ń lọ sí Casa Voyageurs, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ní Casablanca, níbi tí ẹ ti máa wọ èyí tó ń lọ sí Rabat, Fez, Marrakech tàbí Tangier. Ẹ má dá àwọn tó ń pariwo "takisí" lẹ́nu ọ̀nà lóhùn.
5. Ẹ fi àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa sùn ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, kí ẹ sì jọ fi wákàtí kan sí tí ẹ máa pè lójoojúmọ́. Aago Mòrókò àti ti Nàìjíríà bára mu, àfi nínú Ramadan tí tiwọn máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Ọkọ̀

Ọkọ̀ ojú irin ló dára jù fún ẹni tó dá rìn, iye tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ máa san. Al Boraq, ọkọ̀ ojú irin asáré tete tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018, ń gbé èèyàn láti Casablanca dé Tangier ní nǹkan bíi wákàtí méjì lé díẹ̀. Casablanca sí Fez tó wákàtí mẹ́rin. Ojú irin kò dé Chefchaouen, Essaouira, Agadir tàbí Merzouga. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì CTM tàbí Supratours lọ síbẹ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n máa gba owó díẹ̀ lórí ẹrù, wọ́n á sì já ìwé fún yín. Òótọ́ ni, kì í ṣe jìbìtì.

Takisí pín sí méjì. Petit taxi kì í jáde kúrò nínú ìlú, èèyàn mẹ́ta ló ń kó mọ. Pupa ni ní Casablanca àti Fez, búlúù ni ní Rabat. Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ pé "compteur, afak", ìyẹn ni pé kó tan mítà. Tó bá kọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ dá òmíràn dúró. Láti aago mẹ́jọ alẹ́, owó máa ń fi ìlàjì lé sí i, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní Marrakech, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fẹ́ tan mítà rárá. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì iye tó yẹ kí ẹ san, kí ẹ sì dá iye yẹn fún awakọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Grand taxi ló ń rìn láti ìlú dé ìlú. Èèyàn mẹ́fà ló ń kó, kì í sì í gbéra títí á fi kún, bíi ti gáréèjì wa. Ẹ béèrè iye ìjókòó kan lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ fẹ́ wọ̀ ọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ awakọ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ fún ara yín pọ̀, ẹ san owó ìjókòó méjì iwájú.

Nínú medina: ibi tí wọ́n ti ń tan ẹni tó dá rìn jù

Medina ni ìlú àtijọ́ tí odi yí ká. Ti Fez ló le jù. Ọkọ̀ kì í wọ̀ ọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka ló ń kó ẹrù. Tí ẹ bá gbọ́ "Balak!" (ẹ yàgò!) lẹ́yìn yín, ẹ fara mọ́ ògiri kíá. Ògiri ga débi pé fóònù kì í mọ ibi tí ẹ dúró sí mọ́, máàpù á máa fò láti àdúgbò kan sí òmíràn.

Ẹ fi ìrísí ilẹ̀ mọ ọ̀nà. Láti ẹnubodè Bab Bou Jeloud, ọ̀nà ńlá méjì ló wọlé, Talaa Kebira àti Talaa Sghira. Méjèèjì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sápá mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin ní àárín ìlú. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ ń lọ sí àárín. Tí ẹ bá fẹ́ padà sí ẹnubodè, ẹ máa gòkè.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni ní Fez náà, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yan ẹni tí ẹ bi. Ẹ bi obìnrin tó ń ra ẹ̀fọ́, ẹ bi bàbá tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó bá wá bá yín fúnra rẹ̀, ohun tó ń wá wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

- "Ọ̀nà yẹn ti dí." Kò dí.
- "Òtẹ́ẹ̀lì yín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ò dá mi mọ̀ ni?" Kò mọ òtẹ́ẹ̀lì yín.
- "Òní nìkan ni àwọn ará orí òkè ń ná ọjà yìí." Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an.
- "Mi ò fẹ́ owó." Ó fẹ́ owó.

Ohun tí ẹ máa ṣe:

1. Ẹ sọ "La, shukran" lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni "rárá, ẹ ṣé", kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má ṣàlàyé. Ìtẹríba tí wọ́n fi tọ́ wa máa ń jẹ́ ká dúró gbọ́ tẹnu ẹni, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń mú èèyàn.
2. Tó bá ṣì ń rìn níwájú yín bí ẹni ń fọ̀nà hàn yín, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ dúró síbẹ̀ títí á fi lọ.
3. Tó bá ti ràn yín lọ́wọ́ ní tòótọ́, dírámù 10 sí 20 tó. Kí owó yẹn ti wà lọ́tọ̀ nínú àpò, kí ẹ má ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì lójú ẹnikẹ́ni.
4. Tó bá pariwo pé ó kéré, ẹ lọ síbi tí èèyàn pọ̀ sí, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ pe ọlọ́pàá. Fez àti Marrakech ní ọlọ́pàá tó wà fún ọ̀rọ̀ àlejò, àwọn afinimọ̀nà ayédèrú sì ń bẹ̀rù wọn gidigidi.

Tí ẹ bá lówó rẹ̀, ẹ gba afinimọ̀nà tó ní báàjì ìjọba fún òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní Fez. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí, lórí owó, àti pé ẹ ò fẹ́ kó mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Lójú tèmi, kò sí owó tó wúlò ju èyí lọ nínú gbogbo ìrìn àjò náà.

Ní Chouara, ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ní Fez, òkè àjà àwọn ṣọ́ọ̀bù alawọ lèèyàn ti ń wò ó. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, á gbé báàgì awọ síwájú yín tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Ní Jemaa el-Fnaa, gbàgede ńlá ní Marrakech, ẹ má na ọwọ́ sí obìnrin tó ń lé làálì, ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó gbà. Làálì dúdú kirikiri tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ sì lè jó awọ ara. Ẹ má ya fọ́tò elérè ejò tàbí ọ̀bọ láì tíì dá iye tí ẹ máa san.

Nípa ọjà nínà, ọmọ ọjà ni wá, mi ò ní kọ́ yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó: "Bshhal?" (èló ni?), "ghali bezzaf" (ó wọ́n jù), "wakha" (ó dáa), "safi" (ó tó). Tí ẹ bá ti dá iye, tí ọlọ́jà sì gbà, ìtìjú ńlá ni lọ́dọ̀ wọn kí ẹ yí padà. Àmọ́ tíì tí wọ́n bá bu fún yín kì í ṣe gbèsè.

Àwọ̀ wa, ìwé wa

Mòrókò wà lójú ọ̀nà àwọn tó ń wá bí wọ́n ṣe máa dé Spain. Ceuta àti Melilla, ìlú méjì tó jẹ́ ti Spain, wà létí òkun Mòrókò gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi ń dá aláwọ̀ dúdú dúró ní apá àríwá: Tangier, Tetouan, Fnideq, Nador, àti nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn èèyàn dúdú láti apá ibẹ̀ lọ já sí àwọn ìlú gúúsù rí. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, kí ẹ lè múra ni.

- Ní àríwá, ẹ gbé ìwé ìrìnnà gidi dání. Níbòmíràn, fótókọ́pì tó fi òǹtẹ̀ ìwọlé hàn sábà máa ń tó.
- Ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti ìwé òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù, lọ́nà tí ẹ fi lè rí i láìsí dátà.
- Ẹ dá ọlọ́pàá lóhùn pẹ̀lẹ́, ẹ kí i "Salam alaikum", ẹ má jiyàn, ẹ má sì ya fídíò.
- Ẹ má sún mọ́ ibodè Ceuta tàbí Melilla lásán nítorí fọ́tò.

Àwọn ọmọdé lè pè yín ní "azzi". Èébú ni. Ẹ má dáhùn. Àwọn olówò á máa pè yín ní ará Senegal, ìyẹn kì í ṣe ibi. Tí ilé bá ń ṣe yín, ọjà kan wà nítòsí Bab Marrakech ní Casablanca tí àwọn ará Senegal àti ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn ti ń tajà, tí wọ́n ti ń dirun. Ẹ máa rí ẹni tó yé yín níbẹ̀.

Ẹ má fi ìmọ̀ràn yìí lọ sí Tùnísíà. Láti ìgbà tí ààrẹ wọn ti sọ̀rọ̀ lòdì sí aláwọ̀ dúdú ní oṣù Kejì ọdún 2023 ni nǹkan ti yí padà fún wa níbẹ̀, ìwádìí ọ̀tọ̀ ló gbà.

Obìnrin tó dá rìn

Wọ́n á súfèé, wọ́n á pè yín, àwọn kan á tẹ̀ lé yín fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má dáhùn, ẹ má wò wọ́n lójú. Tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn yín, ẹ pariwo "Hshuma!" kí gbogbo ọ̀nà gbọ́. Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn àgbàlagbà tó wà nítòsí sì sábà máa ń dá sí i.

- Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún. Kò pọn dandan kí ẹ bo orí.
- Ẹ jókòó ti obìnrin tàbí ìdílé nínú ọkọ̀.
- Ilé kọfí tí ọkùnrin nìkan kún iwájú rẹ̀, ẹ kọjá. Ẹ wá èyí tó ń ta kéèkì, àwọn obìnrin máa ń wà níbẹ̀.
- Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin nìkan ni, tàbí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì yín. "Ọkọ mi ń dúró dè mí" ti tó.
- Tí àwọn ṣọ́ọ̀bù bá ti ń pa, medina á dá wáí. Tí ẹ bá máa pẹ́, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n rán ẹnì kan wá pàdé yín lẹ́nubodè.

Ẹ lọ wẹ̀ ní hammam (ilé ìwẹ̀ olóoru) àdúgbò, wákàtí obìnrin àti ti ọkùnrin yàtọ̀. Ẹ ra ọṣẹ dúdú wọn tí wọ́n ń pè ní beldi àti ìbọ̀wọ́ kessa, ẹ wọ páńtì lọ, ẹ san owó obìnrin tó máa bá yín ha ara. Kò sí ibi tí ara obìnrin tó dá rìn ti máa ń balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí

Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí. Mọ́ṣáláṣí Hassan II ní Casablanca gba gbogbo èèyàn, àmọ́ ní wákàtí àbẹ̀wò nìkan. Ẹ̀yin lè wọlé kírun níbi gbogbo. Ẹ̀yin ará Tijaniyya, sàárè Sheikh Ahmad al-Tijani wà nínú medina Fez, ní àdúgbò Blida. Àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀ débi pé tí ẹ bá béèrè ọ̀nà, wọ́n á ti mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Nínú Ramadan, òfin Mòrókò lè fìyà jẹ Mùsùlùmí tó bá jẹun ní gbangba lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ orúkọ Mùsùlùmí ló wà nínú ìwé ìrìnnà yín, tí ẹ kò sì lè gbààwẹ̀, inú yàrá ni kí ẹ ti jẹun.

Ẹ má dán an wò

- Igbó. Wọ́n ń gbìn ín lórí òkè Rif, wọ́n á sì fi lọ̀ yín ní Chefchaouen. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀.
- Ọ̀rọ̀ àbùkù sí ọba, sí ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tàbí àríyànjiyàn lórí Sàhárà Ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ tí Mòrókò ní tòun ni.
- Fọ́tò ọlọ́pàá, sójà, àti ibodè.
- Gígun òkè Toubkal (mítà 4,167) láìsí afinimọ̀nà. Òfin ti de é láti ìgbà tí wọ́n pa àwọn àlejò méjì nítòsí Imlil ní oṣù Kejìlá ọdún 2018.

Tó bá jẹ́ aṣálẹ̀ lẹ fẹ́ rí, ẹ bá àwọn tó ń kó èèyàn láti Marrakech lọ sí Merzouga fún ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ má dá lọ. Ọ̀nà Tizi n'Tichka ga, ó sì kún fún kọ́ńà. Ẹni tí mọ́tò máa ń mú kó bì, kó gbé oògùn dání.

Tí nǹkan bá yíwọ́

1. Ẹ pe 19 fún ọlọ́pàá nínú ìlú, 177 fún Gendarmerie Royale (àwọn agbófinró ìgbèríko) lẹ́yìn ìlú, 15 fún áḿbúláńsì àti panápaná. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, torí fóònù gan-an lè jẹ́ ohun tó sọnù.
2. Tí ìwé ìrìnnà bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní ìlú tó ti sọnù, kí ẹ gba ìwé "déclaration de perte", ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ó sọnù.
3. Ẹ gbé ìwé yẹn, fótókọ́pì yín àti fọ́tò pélébé méjì lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Rabat. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọkọ̀, wọn kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ àti lọ́jọ́ ìsinmi.
4. Ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì fún yín ní ìwé tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ wọ̀ sí, kí ẹ sì mú un dání títí ìwé tuntun fi jáde.